Èpò Tó Ń Bo Omi Ìlàjẹ: Ṣé Ó Ń Lé Ẹja Lọ Ni àbí Ó Ń Kó Ẹja Jọ?

Ọkùnrin méjì ni mo bá sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ kan náà ní èbúté Igbókọ̀dá, ní Ìlàjẹ, ìpínlẹ̀ Oǹdó. Apẹja làwọn méjèèjì, omi kan náà ni wọ́n sì ti ń wá oúnjẹ òòjọ́ wọn. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe léèrè nípa èpò tútù tó bo etí omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí a dúró sí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè tó fi dáhùn. "Ẹ̀gbọ́n, ọ̀tá wa nìyẹn. Ó ti lé ẹja lọ tán." Mi ò tíì rìn jìnnà tí mo fi bi bàbá kan tó jókòó ti ìgèrè rẹ̀ ní ìbéèrè kan náà. Bàbá ní, "Lé ẹja lọ kẹ̀? Ọ̀dọ̀ ẹ̀ lẹja ń sá lọ. Ìgèrè mi yìí, eteetí èpò yẹn ni mò ń dẹ ẹ́ sí."

Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni mo gbé padà sí Àkúrẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó purọ́ nínú wọn. Ohun tó ń da ọ̀pọ̀ èèyàn láàmú nípa èpò yìí gan-an nìyí: ẹnì kan á ní ó ń pa ẹja, ẹnì kan á ní ó ń tọ́ ẹja, ẹni tí kò gbé etí omi ò sì ní mọ èyí tí yóò gbà gbọ́. Mo fẹ́ ṣe àlàyé rẹ̀ bí mo ṣe lóye rẹ̀, nítorí owó ẹja tí à ń rà ní Àkúrẹ́ níbí wà nínú ẹ̀, oúnjẹ àwọn èèyàn wa ní Ìlàjẹ àti Ẹsẹ̀-Odò sì wà nínú ẹ̀ ju tiwa lọ.

Ká kọ́kọ́ mọ ẹni tí à ń bá wí ná. Àwa Yorùbá ti mọ ewé orí omi tipẹ́. Ta ni kì í fi gbàdúrà pé ojú oró ní í lékè omi, òṣíbàtà ní í lékè odò? Nítorí àdúrà yìí, ewé tútù yòówù tí ọ̀pọ̀ èèyàn bá ti rí lórí omi, ojú oró ni wọ́n ń pè é. Mo ti gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ lẹ́nu àwọn tó kàwé pàápàá. Ṣùgbọ́n ewéko mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wà ńbẹ̀.

Ojú oró kì í ga. Ewé rẹ̀ kó ara jọ yípo bí orí kábéèjì kékeré, àwọ̀ rẹ̀ sì mọ́. Tí ẹ bá fọwọ́ kàn án, ó rí múlọ́múlọ́ bí aṣọ àrán, omi kì í sì dúró lára rẹ̀. Òṣíbàtà ní tirẹ̀ fi ẹsẹ̀ múlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi. Ewé rẹ̀ gbòòrò, ó sùn pẹrẹsẹ lójú omi, òdòdó rẹ̀ sì funfun. Ẹ̀kẹta ni èyí tí gẹ̀ẹ́sì ń pè ní water hyacinth, tí n ó máa pè ní háyásíǹtì láti ibí lọ. Ewé rẹ̀ ń dán, ó dúró ṣánṣán lókè omi, níbi tó bá ti dì, ó lè ga dé orúnkún àgbàlagbà tàbí kó jù bẹ́ẹ̀. Ẹsẹ̀ ewé rẹ̀ wú bí àlùbọ́sà. Tí ẹ bá fi ọ̀bẹ là á, inú rẹ̀ dà bíi fóòmù, afẹ́fẹ́ ló kún inú ihò rẹ̀, òun ló sì ń jẹ́ kó léfòó. Gbòǹgbò rẹ̀ dúdú, ó rí bí ìyẹ́ adìẹ tó rẹ sínú omi. Òdòdó rẹ̀ ló ń tan èèyàn jẹ. Àwọ̀ àlùkò tó mọ́ ni, ewé òdòdó tó wà lókè pátápátá sì ní àmì yẹ́lò kan láàárín bí ojú ara ìyẹ́ ọ̀kín. Ó lẹ́wà, mi ò lè purọ́.

Nítorí òdòdó yẹn ni àwọn èèyàn fi gbé e kúrò ní agbègbè odò Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà, tí wọ́n lọ ń gbìn ín sínú adágún inú ọgbà wọn káàkiri ayé. Ní ọdún 1984 ni ariwo rẹ̀ kọ́kọ́ ta ní Nàìjíríà, ní apá Àgbádárìgì, níbi tó ti gba ojú omi Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) wọlé láti ilẹ̀ Olómìnira Benin. Ẹni tó bá mọ ojú omi wa mọ̀ pé ọ̀sà àti odò kéékèèké ló so kọ́ra láti Àgbádárìgì, gba Èkó, gba Ẹ̀pẹ́, gba Àtìjẹ́rẹ́, títí dé Igbókọ̀dá àti kọjá bẹ́ẹ̀. Ọ̀nà ti là sílẹ̀ fún ohun tí atẹ́gùn lè gbé. Kò ju ọdún díẹ̀ lọ tí èpò yìí fi dé ọ̀dọ̀ wa. Ní ibi tó ti wá, kòkòrò wà tó ń jẹ ẹ́. Níbí, ó dé bá omi tí kò sí ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò bá a wí.

Mo fọwọ́ ara mi yọ ẹyọ kan lọ́jọ́ náà, mo gbé e sínú abọ́ oníke funfun kan tí mo yá lọ́wọ́ ìyá ẹlẹ́ja tó wà nítòsí. Okùn tín-ínrín méjì jáde lára ìyá èpò náà, ọmọ kan wà lórí okùn kọ̀ọ̀kan. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ yẹn ti ta okùn tirẹ̀, ọmọ-ọmọ kan sì ti wà lórí ìyẹn, kò tíì ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Ìran mẹ́ta nínú abọ́ kan. Mo wá mi gbòǹgbò rẹ̀ nínú omi. Edé wínníwínní tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má ní àwọ̀ jáde, ìgbín omi tí kò ju orí ìṣáná lọ jáde, kòkòrò oríṣiríṣi, àti ọmọ ẹja kan ṣoṣo, tí kò gùn ju hóró ìrẹsì lọ, tó ń sáré yí abọ́ ká. Ìyá ẹlẹ́ja yọjú wò ó, ó ní, "Jẹ́léósinmi wọn nìyẹn."

Òótọ́ lọ̀rọ̀ ìyá, òótọ́ sì lọ̀rọ̀ bàbá onígèrè. Abẹ́ èpò jẹ́ ibi ìbòjì. Ẹja ńlá ò lè tètè rí ẹja kékeré níbẹ̀, ẹyẹ tó ń pẹja ò lè já bọ́ sórí wọn, oúnjẹ sì wà lára gbòǹgbò. Àwọn apẹja ọ̀sà ti mọ èyí kí háyásíǹtì tó dé rárá. Ṣebí wọ́n máa ń gé ẹ̀ka igi rì mọ́ inú omi kí ẹja lè wá forí pamọ́ síbẹ̀, tí wọ́n á sì fi àwọ̀n yí i ká lẹ́yìn oṣù mélòó kan? Èpò díẹ̀ létí omi ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà yẹn. Ká ní ó mọ ní ìwọ̀n bẹ́ẹ̀ ni, mi ò bá má kọ ọ̀rọ̀ yìí.

Kì í mọ níbẹ̀. Bí oòrùn bá wà tí oúnjẹ sì pọ̀ nínú omi, háyásíǹtì lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó bá ti yá owó èlé rí, tí èlé ń gun orí èlé, á tètè mọ ibi tí mò ń lọ. Ẹ fi fóònù yín ṣírò rẹ̀: ẹyọ kan lónìí, méjì lọ́sẹ̀ méjì sí i, mẹ́rin, mẹ́jọ, mẹ́rìndínlógún. Tó bá fi máa tó oṣù mẹ́fà, ẹyọ kan ṣoṣo yẹn ti ń lọ sí 8,192, tí nǹkan kan ò bá dá a dúró. Ẹ wá wò ó láti òdìkejì. Ká ní kọ̀rọ̀ omi kan wà tí èpò yóò bò pátápátá nípárí oṣù kẹsàn-án. Láàárín oṣù kẹsàn-án, ìdajì péré ló bò. Níbẹ̀rẹ̀ oṣù, ìdá kan nínú mẹ́rin. Láàárín oṣù kẹjọ, ìdá kan nínú mẹ́jọ, apẹja á ṣì máa kọjá, á ní kò tíì burú. Bí ìlú ṣe ń ké gbàjarè, tí wọ́n ń kọ lẹ́tà sí ìjọba, ó sábà máa ń jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ méjì tó kẹ́yìn ni wọ́n wà. Gbogbo àkókò tí ìlú ì bá fi ọkọ̀ mẹ́ta àti ọwọ́ mẹ́wàá kó o kúrò ti kọjá lọ nígbà tí kò jọ pé ó tó nǹkan.

Nígbà tó bá wá dì bí ẹní tí wọ́n tẹ́ kanlẹ̀, jẹ́léósinmi yẹn á di iyàrá tí wọ́n ti ilẹ̀kùn àti fèrèsé rẹ̀ pa.

Ẹja ń mí bí àwa náà ṣe ń mí. Ọ́síjìn tó wà nínú omi ló ń mí sínú. Ibi méjì pàtàkì ni ọ́síjìn yẹn ti ń wọ omi. Ọ̀kan ni ojú omi fúnra rẹ̀, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ tí ìgbì sì ń ru. Èkejì ni àwọn ewéko tíntìntín tí ojú ò lè rí lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn tó máa ń jẹ́ kí omi adágún ní àwọ̀ ewé díẹ̀; bí oòrùn bá ti ràn sí wọn, wọ́n á máa tú ọ́síjìn sínú omi. Ẹní háyásíǹtì bo ọ̀nà méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà. Atẹ́gùn ò lè ru omi mọ́, oòrùn ò sì lè wọlé. Èpò náà ń tú ọ́síjìn tirẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ewé rẹ̀ wà lókè, sínú afẹ́fẹ́ ló ń tú u sí.

Wàhálà kẹta tún wà, òun ló le jù. Ewé tó gbó ń já bọ́ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, ó ń jẹrà, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ ewé jíjẹrà yẹn sì ń lo ọ́síjìn. Ó wá dà bí ilé tí owó ò wọlé mọ́, tí ìnáwó sì ń pọ̀ sí i. Ọ̀pọ̀ ẹja ń fẹ́ nǹkan bíi milligíráàmù 5 ọ́síjìn nínú lítà omi kan kí ara wọn tó le dáadáa. Lábẹ́ èpò tó dì, ó lè lọ sílẹ̀ débi pé kò ní tó milligíráàmù kan. Òwúrọ̀ kùtùkùtù ló máa ń burú jù, nítorí gbogbo òru ni gbogbo nǹkan inú omi fi ń mí tí oòrùn ò sì sí láti dá ọ́síjìn padà. Ẹni tó bá ń sin ẹja ní Àkúrẹ́ mọ ohun tí mò ń wí. Tí ẹ bá jí dé ẹsẹ̀ pọ́ńdì ní aago márùn-ún àbọ̀ tí ẹ bá gbogbo ẹja tí wọ́n gbé ẹnu sókè tí wọ́n ń gbá afẹ́fẹ́ mì, ẹ ò ní dúró gbàdúrà, omi tuntun lẹ máa sáré tú sí i.

Ẹja ò sì rí bákan náà sí ìyà yìí. Ẹ lọ sí Ọjà Ọba láàárọ̀. Àrọ̀ wà nínú ọpọ́n tí omi inú rẹ̀ ò ju ìka mẹ́ta lọ, ó ń jà, ó ń ta omi sí èèyàn lára, ó ti lè wà bẹ́ẹ̀ láti àná. Ẹ̀pìyà ńkọ́? Òkú ló ń dé ọjà, tàbí kó wà nínú yìnyín. Ohun tó fà á ni pé ẹ̀pìyà kò ní ohun mìíràn tó fi ń mí ju ẹran pupa tó wà lábẹ́ etí rẹ̀ lọ, inú omi nìkan sì ni ìyẹn ti wúlò. Àrọ̀ ní nǹkan mìíràn lókè tirẹ̀. Nígbà míì tí ẹ bá ń la orí àrọ̀, ẹ wò ó dáadáa: ohun kan bí ẹ̀ka igi kékeré, tó pupa, tó dì mọ́ra. Òun ló fi ń mí afẹ́fẹ́ tààrà. Nítorí náà, tí èpò bá bo omi, ẹ̀pìyà á sá lọ tàbí kó kú, àrọ̀ á gbé ẹnu sókè láàárín ewé, á mí, á padà sísàlẹ̀.

Ibi tí ìdáhùn sí ìjà àwọn apẹja méjì yẹn ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí mi nìyí. Èpò náà ń pààrọ̀ ẹja inú omi. Ẹni tó bá ń dẹ ìgèrè fún àrọ̀ lè rí ẹja pa ju ti tẹ́lẹ̀ lọ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni tó ń fi àwọ̀n pa ẹ̀pìyà àti òbòkún ní gbalasa omi á bá ilé òfo. Ohun tó jọ èyí ṣẹlẹ̀ ní adágún Victoria, adágún tó tóbi jù ní Áfíríkà, tí Uganda, Kenya àti Tanzania jọ pín. Háyásíǹtì gbilẹ̀ níbẹ̀ láàárín ọdún 1990 sí 1999. Ní apá Kenya, ẹja ńlá tí wọ́n ń pè ní Nile perch, èyí tí owó rẹ̀ ń wọlé láti òkè òkun, dín kù nínú ohun tí wọ́n ń pa, nígbà tí irú àrọ̀ àti ẹja tó ní ẹ̀dọ̀fóró pọ̀ sí i. Kì í ṣe gbogbo àdínkù yẹn ló jẹ́ pé ẹja ti kú o. Apá kan nínú rẹ̀ jẹ́ pé ọkọ̀ ò lè jáde lọ bá ẹja níbi tó wà.

Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ yìí kì í hàn sí àwa tí à ń gbé lórí ilẹ̀, ó sì jẹ́ pé òun ni apẹja kọ́kọ́ ń mẹ́nu bà. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní èpò ti lé ẹja lọ yẹn, ẹ́ńjìnnì ló ń lò. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ ń fa omi láti inú odò wọlé kó lè tutù. Tí okùn háyásíǹtì bá wé mọ́ irin ẹ́ńjìnnì tó ń yí nínú omi, ọkọ̀ á dúró. Tí gbòǹgbò rẹ̀ bá dí ihò tó fi ń fa omi, ẹ́ńjìnnì á gbóná títí tí yóò fi jóná. Ó fi ohun tó ń tún ṣe hàn mí. Gbòǹgbò dúdú tó ti gbẹ ló dí ihò yẹn pinpin, ó ń fi ìṣó yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀. Ní ọjọ́ tí èpò bá dì, ìrìn wákàtí kan ń gba ìlọ́po méjì tàbí mẹ́ta, epo bẹntiróòlù sì ń jóná bẹ́ẹ̀.

Àwọ̀n ńkọ́? Apẹja á dẹ àwọ̀n rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ síbi tí kò sí ewé kankan. Lóru, atẹ́gùn á yí padà, erékùṣù èpò kan á já kúrò níbi tó wà, á máa bọ̀. Ẹ má fojú kékeré wò ó: èpò tó bo ilẹ̀ tó fẹ̀ ju pápá bọ́ọ̀lù lọ díẹ̀ lè wúwo ju 200 tọ́ọ̀nù lọ ní tútù. Kí ló kù tí àwọ̀n ọ̀rá lè ṣe sí irú ìyẹn? Á fà á ya, á wé e, á gbé e lọ. Láàárọ̀, apẹja á dé ibẹ̀, á bá omi, kò ní bá àwọ̀n. Gbèsè ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù ni wọ́n sì fi ń ra irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Àwọn ìyá tó ń yan ẹja ń dúró létí èbúté, igi ìdáná ti wà nílẹ̀, ọkọ̀ kò dé. Ọjọ́ tí irú èyí bá ti ṣẹlẹ̀ ní Igbókọ̀dá lọ́sẹ̀ yìí, ẹ óò rí i nínú iye tí wọ́n ń pe ẹja yíyan ní Àkúrẹ́ kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

Ti ìlera tún wà níbẹ̀. Omi tí kò ru mọ́ ń tọ́ ẹ̀fọn, ìgbín omi tó ń gbé kòkòrò àtọ̀sí ajá sì ń rí ibi dì mọ́. Ejò ń farapamọ́ sínú ewé. Ẹni tó bá ń wọ omi dé ìbàdí láti fọwọ́ la ọ̀nà fún ọkọ̀ rẹ̀ ló ń ko gbogbo ìwọ̀nyí lójú.

Ẹni tó bá lọ sí Ìlàjẹ lẹ́ẹ̀kan ní ìgbà òjò, tó tún lọ lẹ́ẹ̀kan ní ọ̀gbẹlẹ̀, lè rò pé wọ́n ti wá nǹkan ṣe sí èpò náà. Iyọ̀ ló ṣe é. Háyásíǹtì kò fẹ́ràn iyọ̀ rárá. Tí omi bá ní iyọ̀ díẹ̀, ewé rẹ̀ á máa pọ́n, tó bá sì pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á kú. Ní ìgbà òjò, omi odò tó ń ṣàn wá láti òkè pọ̀, ó ti omi òkun sẹ́yìn, ọ̀sà á di omi aládùn, èpò á gbilẹ̀. Ní ọ̀gbẹlẹ̀, omi odò á dín kù, omi òkun á wọlé, èpò tó wà nítòsí òkun á kú. Nǹkan méjì ló yẹ kí ẹ kíyè sí níbẹ̀. Àkọ́kọ́, èpò tó kú lẹ́ẹ̀kan náà ń jẹrà lẹ́ẹ̀kan náà, ìgbà yẹn ni omi máa ń dúdú tó sì ń rùn, ẹja sì ń jìyà rẹ̀ lójijì. Ìkejì, èyí tó wà lókè odò, níbi tí iyọ̀ ò dé, kò kú. Òjò àkọ́rọ̀ á tún gbé e wá. Èso rẹ̀ sì wà nínú ẹrẹ̀, tó lè sùn síbẹ̀ ju ọdún 15 lọ kó tó hù.

Kí wá ni ṣíṣe? Gbogbo ọ̀nà tó wà ló ní ibi tó kù sí. Fífi ọwọ́ kó o dára tí kò bá tíì pọ̀, ṣùgbọ́n ẹ má kó o sí etí omi. Omi tó bá kún lọ́la á gbé e padà. Ẹ̀rọ tó ń kórè rẹ̀ wà, ó ń ṣiṣẹ́, owó epo àti àtúnṣe rẹ̀ ló ń sọ ọ́ di irin tó jókòó sí èbúté. Oògùn apakoríko yára, òun ni mo sì ń bẹ̀rù jù. Yàtọ̀ sí pé àwọn èèyàn ń mu omi yẹn, wọ́n ń fi se oúnjẹ, wọ́n ń wẹ ọmọ níbẹ̀, ohun tí oògùn bá pa kì í pòórá. Ó ń rì sísàlẹ̀ ni, ó ń jẹrà, ó sì ń gbé ọ́síjìn tó kù mì. Ẹni tó fín oògùn nítorí ẹja lè bá ẹja tó léfòó láàárín ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà kan wà tí mo gbà pé ó yẹ ká máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kòkòrò kékeré méjì kan wà, Neochetina ni orúkọ ìdílé wọn, Gúúsù Amẹ́ríkà náà ni wọ́n ti wá, kò sì sí ohun tí wọ́n ń jẹ bí kò ṣe háyásíǹtì. Àgbà wọn ń họ ojú ewé, ẹ óò rí àpá kéékèèké lára ewé bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún un. Ọmọ wọn ló ń ṣiṣẹ́ gan-an: á lu ihò gba inú ẹsẹ̀ ewé tó wú yẹn, á sọ̀ kalẹ̀ dé ọkàn èpò, omi á wọ ibi tí afẹ́fẹ́ wà tẹ́lẹ̀, èpò ò ní lè léfòó mọ́. Ní Uganda, ọdún 1995 ni wọ́n tú wọn sí adágún Victoria, ní Kenya, ọdún 1997. Kí ọdún 2000 tó pé, èpò tó wà lórí adágún náà ti dín kù gan-an, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òjò àti ìjì líle ọdún 1997 sí 1998 náà bá wọn dá sí i. Èpò náà ti padà níbẹ̀ láti ìgbà náà, kò tíì tán. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni kòkòrò yìí ń gbà kó tó pọ̀ tó láti ṣiṣẹ́, ẹni tó bá sì fín oògùn lórí èpò tó wà níbẹ̀ ti ba oúnjẹ àti ilé wọn jẹ́. Nǹkan méjì tí a ò lè ṣe pọ̀ níbì kan náà nìyẹn.

Àwọn kan á bi mí pé, kí ló dé tí a ò sọ ọ́ di owó? Wọ́n ń ṣe é. Achenyo Idachaba dá iṣẹ́ MitiMeth sílẹ̀ ní Ìbàdàn, níbi tí wọ́n ti ń fi ẹsẹ̀ ewé háyásíǹtì gbígbẹ hun apẹ̀rẹ̀, àpò àti ohun ọ̀ṣọ́ ilé, ó sì ń kọ́ àwọn obìnrin etí omi ní iṣẹ́ náà. Iṣẹ́ gidi ni, mo sì fẹ́ kó pọ̀ sí i ní Ìlàjẹ. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká mọ ìwọ̀n rẹ̀. Nǹkan bí ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún èpò yìí ló jẹ́ omi. Ẹni tó bá kó ọgọ́rùn-ún kílò láti inú odò, nǹkan bíi kílò márùn-ún péré ló máa kù lọ́wọ́ rẹ̀ tó bá gbẹ. Èpò tó ń di ìlọ́po méjì lọ́sẹ̀ méjì, apẹ̀rẹ̀ ò lè hun ún tán. Ẹni tó bá fẹ́ fún ẹran tàbí ẹja jẹ náà gbọ́dọ̀ mọ ibi tó ti kó o, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń fa òjé àti àwọn májèlé mìíràn mọ́ra láti inú omi tí epo rọ̀bì tàbí pàǹtírí ti bà jẹ́.

Agbára tó fi ń fa nǹkan mọ́ra láti inú omi yẹn ló mú mi dé ọ̀dọ̀ àwa ará Àkúrẹ́. Kì í ṣe omi lásán ló ń bọ́ èpò yìí. Ajílẹ̀ tí òjò fọ̀ kúrò lóko, omi ìdọ̀tí ilé, ìgbẹ́ tó ṣàn láti inú ṣáláńgá àti ilé ẹran, ọṣẹ, gbogbo rẹ̀ ni oúnjẹ rẹ̀. Omi tí kò lọ́ràá, háyásíǹtì á wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n á rù. Ẹ dúró lórí afárá tó gba orí odò Àlà kọjá láàárín ìlú lẹ́yìn òjò ńlá, kí ẹ wo ohun tó ń kọjá lábẹ́ rẹ̀: ọ̀rá, ike, omi dúdú, pàǹtírí tí àwọn èèyàn dúró kí òjò bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó dà á sínú gọ́tà. Omi Àlà kì í dé Igbókọ̀dá o, inú odò Ọ̀gbẹ̀sẹ̀ ló ń lọ, kó tó máa bá a lọ sí òkun. Àmọ́ gbogbo odò wa, gúúsù ni wọ́n ń dojú kọ, ẹnì kan sì wà ní ìsàlẹ̀ odò kọ̀ọ̀kan tó ń pẹja níbẹ̀. Bí a ṣe ń da ìdọ̀tí sódò níhìn-ín tí a sì ń fọwọ́ kó èpò lọ́hùn-ún, ńṣe là ń gbọ́n omi nínú ọkọ̀ tó lu.

Ẹ̀yin tí ẹ ní adágún tàbí pọ́ńdì, tàbí tí ilé yín wà létí odò, ẹ máa wò ó fúnra yín. Ẹyọ kan tàbí méjì tí ẹ bá rí ní kọ̀rọ̀ ni kí ẹ yọ, tòun ti gbòǹgbò àti okùn rẹ̀, kó tó yọ òdòdó, nítorí òdòdó ló ń di èso. Ẹ sá a sórí ilẹ̀ gbígbẹ tó jìnnà sí ibi tí omi lè kún dé. Ẹ má fi ọ̀kan sínú abọ́ ilé nítorí ẹwà rẹ̀. Tí ọkọ̀ yín bá ti ibi tó wà bọ̀, ẹ yẹ abẹ́ rẹ̀ àti àwọ̀n yín wò kí ẹ tó wọ omi tí kò tíì ní in.

Mo padà lọ sí Igbókọ̀dá lẹ́yìn náà, mo sì wá bàbá onígèrè lọ. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ọ́síjìn fún wọn bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ fún yín, mo ní, lábẹ́ ibi tó ti dì gan-an, ẹja ò lè mí kí ilẹ̀ tó mọ́. Bàbá gbọ́ mi dópin. Wọ́n wá bi mí bóyá mo rántí ibi tí wọ́n sọ fún mi pé àwọn ń dẹ ìgèrè sí. Mo ní, "Abẹ́ èpò ni, bàbá." Wọ́n mi orí. "Eteetí ni mo wí." Wọ́n ní àwọn dẹ ẹ́ sáàárín nígbà kan rí, ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, nígbà tí èpò náà ṣì jẹ́ àjèjì. Ìgèrè kún. Àfi àrọ̀ méjì, gbogbo ẹja tó wà nínú rẹ̀ ló ti kú kí wọ́n tó fà á sókè, ojú wọn sì ti funfun. Láti ọjọ́ náà ni wọ́n ti ń wọ̀n ọ́n: apá ìgèrè kan sí abẹ́ ewé, ẹnu rẹ̀ sí gbalasa omi.